Igi Ẹ̀gẹ́ Tí A Fi Tọrẹ: Ǹjẹ́ Àìmọ̀ Lè Dá Wa Láre?

Ní abala yìí, ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí kò tíì fi wá lọ́kàn sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ní àárín wa. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá fi ọkàn rere tọrẹ, tí ọrẹ náà sì di ìpalára fún ẹni tó gbà á, ǹjẹ́ ẹni tó tọrẹ jẹ gbèsè? Tàbí kí a sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí kò ti mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́?

Igi ẹ̀gẹ́ ni ó gbé ìbéèrè yìí dìde. Àwọn kan ń pè é ní pákí, àwọn mìíràn ń pè é ní gbágùúdá. Ohun kan náà ni. Kò sí ìyá kan nínú wa tí kò mọ gààrí, fùfú àti láfún, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti ń gbìn ín, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yé gbogbo wa.

BÍ A TI Ń GBIN Ẹ̀GẸ́

Àgbẹ̀ kì í gbin ẹ̀gẹ́ láti inú hóró bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Igi rẹ̀ ni a ń gé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a wá igi tó ti gbó, tó ti lo oṣù mẹ́jọ sí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀. A gé orí rẹ̀ tó ṣì rọ̀ dànù, a fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ti le jù sílẹ̀, àárín ni a mú. Àdá mímú ni a fi ń gé e, kí igi má baà ya. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan a máa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kò tó rúlà tí àwọn ọmọ wa ń mú lọ sí ilé-ìwé. Ó yẹ kí ó ní ojú bíi márùn-ún sí méje, nítorí láti ara àwọn ojú wọ̀nyí ni ó ti ń rúwé. A ó wá fi í gún ebè, kí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, kí àwọn ojú náà sì kọjú sókè. Bí a bá fi mítà kan sí àárín ọ̀kan àti èkejì, igi 10,000 ni hẹ́kítà kan yóò gbà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Hóró jẹ́ ọmọ. Ó lè jọ ìyá rẹ̀, ó sì lè má jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a gé kì í ṣe ọmọ rárá. Ìyá fúnra rẹ̀ ni, tí ó ṣí lọ sí oko mìíràn. Bí ìyá bá ń so dáadáa, òun náà yóò so dáadáa. Bí ìyá bá ń ṣàìsàn, àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ kí ó tó fi ara kan ilẹ̀.

Àrùn kan sì wà tí ó ti ń bá ẹ̀gẹ́ jà ní ilẹ̀ Áfíríkà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1894 ni onímọ̀ kan kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀, ní apá ibi tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn yìí bá mú a máa ṣe adíkálà, apá kan á tutù yọ̀yọ̀, apá kan á pọ́n bí ìyeyè. A kákò, a sì kéré. Nígbà tí a bá wa ìdí rẹ̀, kò ní sí ohun gidi níbẹ̀. Kòkòrò funfun tín-ín-tín kan tí ń gbé abẹ́ ewé ni ó ń gbé e láti oko kan dé èkejì tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àrùn náà rìn jìnnà, láti ìlú dé ìlú, ọwọ́ àwa ènìyàn ni ó fi ń rìn, nínú ìdì igi tí a gbé fún ara wa.

Bí a bá sì ti gé igi, tí a ti já ewé rẹ̀ dànù, èyí tó ní àrùn àti èyí tí kò ní, ọ̀kan náà ni ojú ń rí wọn. Àsìkò tí a ń fúnni kì í ṣe àsìkò tí a lè mọ ohun tí a ń fúnni.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa pinnu láti ran àwọn opó àti àwọn ìyá ọ̀dọ́ tí ọwọ́ kò dẹ̀ fún lọ́wọ́. Owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ kò tó nǹkan. Ìyá àgbà kan wá dìde ní ìpàdé, ó ní òun ní oko ẹ̀gẹ́ tí òun fẹ́ wà, pé kí a wá kó igi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí a sì pín in. Inú wa dùn, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. A gé igi, a dì í ní ìdì-ìdì, a kó o wá sí ẹ̀yìn ilé-ìjọsìn, a gbàdúrà sí i, a sì pín in fún obìnrin 14. Orin ni a kọ dé ilé lọ́jọ́ náà.

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó rí oko yẹn nígbà tí ewé wà lórí igi rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a fún jẹ́ opó ọlọ́mọ mẹ́ta. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, gbogbo rẹ̀ ni ó sì fi gbin igi tí a fún un. Kò gbin ohun mìíràn sí i, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Òjò rọ̀, igi rúwé, ewé sì kákò. Nígbà tí ó tó àkókò tí ó wà á, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Owó ilé-ìwé tí ó ti fi ojú sọ́nà fún kò sí mọ́, ọmọ rẹ̀ àgbà sì jókòó sílé fún odidi táàmù kan.

Kò wá fi ẹjọ́ wa sùn. Ìgbà tí arábìnrin kan nínú wa lọ kí i ni ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí opó yìí sì sọ ni pé: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú o. Bóyá èmi ni n kò mọ̀ ọ́n gbìn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gún wa lọ́kàn jù. Àwa ni a fún un ní ohun tí kò dára, òun ni ó ń bẹ̀ wá.

A gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé, ẹnu wa kò sì kò. Àwọn kan ní: "Ọrẹ ni a ṣe, a kò tajà fún un. Ẹni tó gba ọrẹ kì í bèèrè owó ìtanràn. Bí a bá ní kí a san nǹkan, ta ni yóò tún fẹ́ ṣoore lọ́la?" Àwọn kan ní: "Bí ènìyàn bá se oúnjẹ fún àlejò, tí inú sì run àlejò náà, ṣé yóò ní òun kò tà á ni?" Àwọn kẹta sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí a fi bò ó mọ́lẹ̀, kí ojú má baà ti ìyá àgbà tó fún wa ní igi. Ìyá àgbà náà jókòó níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

ÀÌMỌ̀ PÍN SÍ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wo ọ̀rọ̀ yìí. Òtítọ́ wà nínú ohun tí àwọn àkọ́kọ́ sọ. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohun búburú fún ènìyàn, ìkà ni. Ẹni tí kò mọ̀, kì í ṣe ìkà, kò sì yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé pé a kì í ṣe ìkà ti wá parí ọ̀rọ̀? Ẹ ka Léfítíkù orí kẹrin. Òfin tó wà níbẹ̀ dá lórí ẹni tó ṣẹ̀ ní àìmọ̀. Kò pe ẹni náà ní olubi. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó bá ti di mímọ̀ fún un, nígbà náà ni ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ mú wá. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àìmọ̀ lè wẹ ọkàn mọ́, kí ó má sì fọ ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí, àìmọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Àìmọ̀ kan wà tí kò sí ọ̀nà láti kọjá rẹ̀. Ní ọdún 1973, wọ́n rí kòkòrò kan ní ilẹ̀ Zaire, tí a ń pè ní Kóńgò nísinsin yìí. Ó funfun lára bí ẹni pé wọ́n bu ìyẹ̀fun sí i. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ibùgbé rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ara igi ẹ̀gẹ́ tí ẹnì kan gbé kọjá òkun ni ó bá wá. Kò pẹ́ tí ó fi tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Oko ẹ̀gẹ́ gbẹ, ebi pa ènìyàn. Ẹni tó gbé igi náà wá, títí di òní a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni rere tó fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní irú tuntun. Kí ni ì bá ti mọ̀? A kò lè jù ú ní òkúta.

Àìmọ̀ kejì ni ti ẹni tí ọ̀nà àtimọ̀ wà nílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n tí kò bèèrè. Èyí ni tiwa. Oko ìyá àgbà kò jìnnà. Òjò ti rọ̀ lórí rẹ̀, ewé ti wà lórí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Àgbẹ̀ wà nínú ìjọ wa tí ì bá bá wa lọ wò ó. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa kò wo oko kí a tó sọ igi ní ìbùkún. Kí ló dé? Kí a má tan ara wa, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ rà á fún oko tiwa, à bá ti yẹ igi náà wò lójú àti lẹ́yìn. Nítorí pé ẹlòmíràn ni yóò gbìn ín, a gbà pé ohunkóhun á ṣe é.

Ẹ̀bi wa nìyí. Kì í ṣe pé a ní ọkàn burúkú. Ọkàn rere wa ni a gbójú lé, a rò pé ó tó.

TA NI YÓÒ TÚN UN ṢE?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí kòkòrò funfun yẹn, nítorí ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀. Ta ni ó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe? Kì í ṣe ẹni tó bà á jẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí ń jẹ́ Hans Herren, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn, ni ó ṣáájú àwọn tó wá ojútùú sí i. Wọ́n wá agbọ́n tín-ín-tín kan rí ní ilẹ̀ Paraguay, tí ó ń pa kòkòrò náà ní ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí, oko ẹ̀gẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yè láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn ńlá ti àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní ọdún 1995. Bákan náà ni Dókítà Sang-Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Korea, tí ó dé IITA ní ọdún 1971. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n mú irú ẹ̀gẹ́ tí ó lè dúró de àrùn ewé kíkákò jáde. Àwọn ará Ìkirè fi oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí.

Àwọn wọ̀nyí kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ì bá bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá jókòó sí ìlú wọn. Síbẹ̀ wọ́n tún un ṣe, nítorí pé wọ́n rí i, wọ́n sì ní agbára rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, báwo wá ni àwa tí ọwọ́ wa wà níbẹ̀ yóò ṣe máa jiyàn bóyá a jẹ gbèsè tàbí a kò jẹ? Bí a ti ń jiyàn ẹ̀bi, ewé ń kákò lóko.

Ohun tí ó parí àríyànjiyàn wa nìyẹn. Àwa mẹ́wàá lọ bá opó náà. A ti gbé owó díẹ̀ lọ́wọ́, a rò pé ohun tí yóò fẹ́ nìyẹn. Kò kọ owó, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó bèèrè lọ́wọ́ wa. Ó ní kí a bá òun fa igi náà tu, kí a sì dáná sun ún, nítorí òun nìkan kò lè ṣe é tán. Ó tún ní kí a bá òun lọ bẹ bàbá kan tí oko rẹ̀ bá tòun pààlà, nítorí ewé oko tirẹ̀ náà ti ń kákò. Ó ní: "Ẹ̀yin ni ẹ fún mi, èmi náà ni mo sì fún un. N kò lè dá lọ wo ojú rẹ̀."

A bá a lọ. Bàbá náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa dé òpin. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Ta ni ẹ fún ní ìyókù?"

A wo ojú ara wa. A kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Obìnrin 14 ni a pín igi fún, àwa tí a ń kọ orúkọ àwọn tó dá owó ẹgbẹ́ kò sì kọ orúkọ àwọn tó gba ọrẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wá wọn kiri. A rí 11. Méjì ti kó kúrò ní ìlú, ẹnì kan sì ti gé tirẹ̀, ó ti fi ta àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ ní abúlé. Òun náà, ọkàn rere ni ó fi ṣe é.

Ìyá àgbà tó fún wa ní igi ni ó ṣáájú wa lọ sí ilé ẹni kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó rán an. Ó ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ni òun ti gba igi náà ní ọjọ́ kìíní, òun kò sì mọ ẹni tó fún ẹ̀gbọ́n òun. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí àwọn kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò lójú kí ojú má baà tì, òun ni ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

KÍ A MÁ ṢE TORÍ ÈYÍ DẸ́KUN FÍFÚNNI

Ẹnì kan lè wí pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó sàn kí kálukú di ohun tirẹ̀ mú. Rárá o. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e kọjá òkun láti Brazil, àwọn ará wa tí wọ́n sì ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ wa bí a ti ń fi ṣe gààrí. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù Nàìjíríà lọ ní gbogbo ayé. Gbogbo rẹ̀, ọ̀pá tí ẹnì kan gé fún ẹnì kejì ni. Bí ìbẹ̀rù bá ti dá ọwọ́ wọn dúró, kí ni à bá máa fi mu omi nísinsin yìí?

Nítorí náà, a ti fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe òfin fún ara wa, bóyá yóò ran àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lọ́wọ́:

Èkínní, a kì í gba igi ẹ̀gẹ́ láti oko tí a kò wò nígbà òjò. Bí ewé bá wà lórí rẹ̀, a ó lọ, a ó sì so àkísà pupa mọ́ ìdí èyí tí ewé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èyí tó ní àkísà nìkan ni a ó gé.

Èkejì, a ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á sílẹ̀, kì í ṣe láti fi wọ́n yangàn, bí kò ṣe kí a lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí igi bá ti rúwé, a ń padà lọ. Ọrẹ kò parí lọ́jọ́ tí a pín in. Bí a bá rí èyí tó kákò, a ó bá wọn tu ú kíákíá, a ó sì wá òmíràn dípò rẹ̀.

A mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gẹ́ nìkan ni a ń gé fún ara wa. Ìmọ̀ràn tí a ń fún ìyàwó ọmọ wa, àgbo tí a ń júwe fún aboyún, ìbẹ̀rù tí a gbà lọ́wọ́ ìyá wa tí a sì gbé lé ọmọbìnrin wa lọ́wọ́, ọ̀pá tí a gé ni gbogbo wọn. Ìfẹ́ ni a fi ń fúnni. Ìwọ̀nba kí a wo ewé rẹ̀ kí a tó gé e ni ó kù.

Ọmọ opó náà ti padà sí ilé-ìwé. Igi tuntun tí a bá a wá ti dàgbà, a sì lọ wo ewé rẹ̀ nínú òjò tó kọjá, ó mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó kó kúrò ní ìlú, a kò tíì rí wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí bá gba igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wa, tí ewé rẹ̀ sì kákò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ránṣẹ́ sí wa. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀ ọ́n gbìn. Àwa ni a kò wò ó.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń fúnni àti ojú tó ń wò. Àmín.